Mo Gba Ṣọ́bìrì Lọ́wọ́ Àbúrò Mi Nítorí Mẹ́talọ́kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ló ń rí mi lára. Bí mo bá dúró níwájú dígí láti wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ni mò ń gbójú kúrò bí ẹni tó rí èébì lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Oǹdó níbí a máa kí mi pé mo ṣe bí akin, pé mo gbèjà Ọlọ́run. Háà! Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé, ṣé tíṣà tó ti fẹ̀yìntì bíi tèmi ló máa gbèjà rẹ̀? Ẹ jókòó kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, kí ẹ sì dá a bó ṣe yẹ.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà, Akíntádé ló tẹ̀lé mi. Katikísì ni bàbá wa kó tó kú, kò sí orin tàbí àdúrà inú ìwé tí a kò mọ̀ láti kékeré. Àkúrẹ́ ni Akíntádé ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó oṣù, tí oṣù mìíràn kò tilẹ̀ sí rárá, ìyà jẹ gbogbo wa. Àsìkò yẹn ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní àdúgbò Ijapo níbẹ̀. Kí a tó mọ̀, àbúrò mi ti di ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì.

"Ìrẹsì ló tẹ̀lé lọ," ni mò ń sọ káàkiri. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ìrẹsì tí àwọn ará ìjọ rẹ̀ fún un nígbà tí kò sí nǹkan nílé, ó bu ìdajì rẹ̀ wá fún Yèyé wa. Èmi ni mo sè é. Mo jẹ ẹ́, mo tún ha ìdí ìkòkò, mo wá nu ẹnu nù, mo bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ mi kóni nírìíra?

Nílé Yèyé, mo bi Akíntádé bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ní Ọlọ́run Baba ní ẹran-ara àti egungun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Baba ní ara tirẹ̀, Ọmọ ní ara tirẹ̀, ẹ̀mí sì ni Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n inú wọn ṣọ̀kan, ìpinnu wọn ṣọ̀kan. Mo ní ṣebí Jésù sọ pé ọ̀kan ni òun àti Baba. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, Jésù yìí kan náà ló gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun jẹ́ ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ṣé Pétérù àti Jòhánù wá di èèyàn kan ṣoṣo ni? Nígbà tó sì ń sunkún nínú ọgbà, ṣé ara rẹ̀ ló ń bẹ̀?" Èmi tí mo fi Bíbélì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún gbọọrọ! Mo pòṣé, mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Yèyé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Yèyé tún mú ìgbálẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "Ọlọ́run tí mo ké pè nígbà tí mò ń rọbí rẹ, mi ò bi í bó ṣe rí kó tó dá mi lóhùn."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Yèyé kú. Ìṣe wa ni pé bí àlùfáà bá ti sọ pé erùpẹ̀ fún erùpẹ̀, àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, ọmọkùnrin ló sì ń ṣíwájú. Akíntádé na ọwọ́ gba ṣọ́bìrì. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú gbogbo èrò, mo ní kó kọ́kọ́ ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ gígùn tí a máa ń kà níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí aláìgbàgbọ́ kan ò ní da yẹ̀pẹ̀ bo ìyàwó katikísì. Àlùfáà ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á o! Omijé ń bọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó kà á dé ibi tó ti sọ pé ọ̀kan náà ni Ọmọ pẹ̀lú Baba, ó dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó wù mí kí n kà á kọjá kí n lè sin Yèyé. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ lójú òkú rẹ̀." Mo gbé ṣọ́bìrì lé ọkọ mi lọ́wọ́. Akíntádé wo inú ihò náà, ó yí padà, ó gba àárín èrò lọ. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Ẹ má fojú fo ibẹ̀ yẹn o: inú mi dùn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, màmá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá bi mí pé báwo gan-an ni mẹ́ta ṣe jẹ́ ọ̀kan. Mo gbé ohùn sókè, mo ní kí wọ́n wo èmi, ọkọ mi àti ọmọ mi: èèyàn mẹ́ta, ilé kan, ohùn kan. Katikísì tuntun tó wà níbẹ̀ wúkọ́. "Ìyá, èyí tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe tiwa o. Ti àbúrò yín nìyẹn." Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Àṣé ohun tí mo fi lé ọmọ ìyá mi kúrò nídìí sàréè, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n!

Mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Akíntádé dọ̀bálẹ̀ kí mi, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Èmi àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, ó sáré gbé mi dìde. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí Oǹdó, kó dúró nídìí sàréè, kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ó mi orí. "Mo ti dárí jì yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ẹ̀yin ti sin ìyá yín. Èmi ò tíì sin tèmi, kò sì síbi tí mo ti máa sin ín mọ́."

Símẹ́ǹtì ti wà lórí sàréè. Mo ní kí a fọ́ ọ, kí Akíntádé lè bu yẹ̀pẹ̀ kan péré sí i. Ẹbí ní èèwọ̀ ni, ọkọ mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run ni mo ṣe é fún, torí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń kó mi nírìíra. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, tí mo bá ti ní "Baba wa", mo ti dìde. "Wa" yẹn, èmi àti ta ni?