Orí Àǹtí Báńkì Wà Láàárín Orúnkún Mi

Má mira! Mo ní kó o má mira, àbí o fẹ́ kí n fa irun náà tu ni? Orí tó bá wà láàárín orúnkún onídìrí kì í dìde lójijì, ọrùn rẹ ni mo ń rò, kì í ṣe tèmi. Ó wá yé ọ báyìí, àbí? O ti wá rántí ojú mi nínú dígí yẹn? Háà, Ọlọ́run ṣeun! Láti ìgbà tó o ti wọlé tó o ní "Ẹ káàsán mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dì í kó dáa gan-an o, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi fún ìgbà àkọ́kọ́," láti orí "Ẹ káàsán" yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ dì í dé ìdajì ná kí n tó la ẹnu ni. Onídìrí tó bá ti ẹnu bọ ẹjọ́ kó tó ti ọwọ́ bọ irun, oníbàárà ẹ̀ á sá lọ.

Ìwọ kọ́ lo máa ń jókòó sídìí tábìlì ẹ̀sùn ní báńkì? Ìwọ kọ́ ni gbogbo àwa tá à ń tò sórí bẹ́ǹṣì yẹn ń pè ní Àǹtí Ẹ-Lọ-Jókòó? O ò mọ̀? O ò mọ̀ pé a ti sọ ọ́ lórúkọ? Gbogbo wa la fọwọ́ sí i! "Ẹ lọ jókòó mà, a máa pè yín." Ta lẹ pè? Ta lẹ pè rí láyé yìí? Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ó ti ń gbé ìrọ̀rí bọ̀ láti ilé, ó bọ́ bàtà sábẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni dé yàrá ara ẹ̀, ìgbà tí àlejò tuntun bá dé òun ló ń fi ibi tí wọ́n máa jókòó sí hàn wọ́n. Ẹ ò tíì pè é. Mo ní ẹ ò tíì pè é di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí!

Gbé orí sókè díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n.

Ṣé mo wá tọrọ owó lọ́wọ́ yín ni? Owó mi ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi! Owó irun, owó ìka mi wọ̀nyí tó ti ń rọ. Inú agolo ìpara tó ti tán ni mo ń tọ́jú ẹ̀ sí, jẹ́jẹ́ mi, abẹ́ ìjókòó yìí gan-an, àfi bí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín ṣe wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá bá mi níbí, wọ́n fún mi ní bírò, wọ́n fi agboòrùn lé e, wọ́n ní mọ́mì, agolo ò dáa, olè lè gbé e. Mo ní ó dáa. Mo gbọ́ràn. Gbígbọ́ràn ló kó bá mi! Agolo ò sọ fún mi rí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ. Agolo ò ní kí n lọ mú ohun ìdánimọ̀ wá rí. Tí mo bá ṣí ìdérí, owó wà níbẹ̀, tí mo bá pa á dé, owó ò rìn. Agboòrùn yẹn pàápàá, atẹ́gùn àkọ́kọ́ ló yí inú ẹ̀ síta, èmi tí mo sì rò pé mo ti rí ọ̀fẹ́ jẹ.

Mo kó owó náà lọ, owó tí màá fi san ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún kan gbáko, mo tò, mo dé ojú fèrèsé ọmọbìnrin agbowó yín, mo kó o fún un, ó ju ú sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kà á prá-prá-prá, ó pé, ó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé téélà mi. Kí ló tún kù? Kò kù síbì kankan. Mo wá gbójú sókè, mo rí orí ọmọ náà. Wíìgì tó dé sórí ti yí! Mo ní ó ti yí pátápátá, èyí tó yẹ kó wà ní ìpàkọ́ ló wà níwájú orí! Ṣé èmi onídìrí á rí irú ìyẹn kí n sì kọjá? Tí dókítà bá rí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé á kọjá ni? Mo rọra sún mọ́ fèrèsé, mo ní, "Ọmọ mi, tún wíìgì rẹ ṣe." Ohun tí mo sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ o, mo fi òòyà yìí búra! Ó fọwọ́ kan orí, ó ké "Yéè!", ó fò dìde, ó di ìdí dígí, ó fi owó mi sílẹ̀ láì tíì tẹ̀ ẹ́ sórúkọ mi. Ìgbà tó máa tò ó tán tó padà dé, ọkùnrin tó ń ta adìẹ tó wà lẹ́yìn mi ti kó tiẹ̀ kalẹ̀, ni ọmọ ọ̀hún bá gbá tèmi àti tiẹ̀ pọ̀, ó tẹ gbogbo ẹ̀ sórúkọ aládìẹ. Ẹ wá ní èmi ni mo da òṣìṣẹ́ yín láàmú lẹ́nu iṣẹ́. Èmi! Ká ní mo dákẹ́, kó fi ìpàkọ́ wíìgì síwájú rìn délé, ta ni wọn ì bá bú? Onídìrí ni!

Aládìẹ yẹn, Ọlọ́run á ṣe é lóore, fúnra ẹ̀ ló wá bá yín pé owó kan wọlé sóun lọ́wọ́ tí kì í ṣe tòun. Adìẹ ló ń tà, ojú ẹ̀ sì mọ́ ju ojú báńkì lọ. Ẹ yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ wéré! Lójú ẹsẹ̀! Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà dáadáa fún yíyọ. Ó wá ku kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórúkọ mi, ìwọ náà lo jókòó síbẹ̀ tó o ní, "Owó yín ṣì ń so lórí ẹ̀rọ mà." Ó ń so? Àdán ni? Orí igi wo ló so sí, kí n lọ wá ọ̀pá tí màá fi já a? O ń rẹ́rìn-ín? Má rẹ́rìn-ín, irun á wọ́.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ẹ̀yin fárí owó lẹ́yìn olówó, ẹ sì tún ní kí olówó lọ jókòó!

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ti fọ́tò. O ní kí n mú ohun ìdánimọ̀ wá, mo mú un wá. O wo fọ́tò, o wò mí, o tún wo fọ́tò, o ní, "Mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú èyí." Nítorí irun! Nítorí pé ṣùkú ni mo dì nígbà tí wọ́n yà mí, mo sì ti tú u sílẹ̀ nígbà tí mo wá bá ọ. Onídìrí ni mí! Ṣé irun kan ṣoṣo ni kí n máa dì títí tí mo fi máa kú? Orí mi ni pátákó tí mo fi ń polówó ọjà. Imú ńkọ́? O ò wo imú? Imú ìyá mi gan-an nìyí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ṣé imú náà ṣe é tú tún dì ni? O ní ẹ̀rọ ò gbà. Mo bá wálé, mo jókòó, mo di ṣùkú fún ara mi. O mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn di ṣùkú lórí ara ẹ̀? Dígí kan níwájú, dígí kan lẹ́yìn, apá ń ro mí dé egungun. Mo gbé e padà wá, o rí mi, o ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀yin nìyí!", inú mi dùn, mo ti ń rẹ́rìn-ín, o tẹ nǹkan pẹ́, o ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ mà. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Pẹ̀lú ṣùkú! Kí fọ́tò má baà yapa, mo fi ṣùkú sùn, mo fi ṣùkú wẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin rù, àwọn oníbàárà mi ń bi ara wọn pé ṣé ìyá yìí ò mọ irun tuntun dì mọ́ ni. Ọkọ mi dé láti ìrìn àjò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó mi ò sí nílé ni?" Ọkọ mi! Òní yìí tó sú mi tí mo tú u dànù lo wá dé. Ìdí nìyẹn tó ò fi dá mi mọ̀. Ìwọ náà, àfi ṣùkú.

Kí lo wí? "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà"? Háà, pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo o. Irú pẹ̀lẹ́ tìrẹ yẹn, bó o ṣe ń sọ ọ́ fún mi lo ń sọ ọ́ fún bàbá onírọ̀rí, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn tó o bá forí gbá a.

Wo ẹ̀yìn rẹ. Má yí orí, inú dígí ni kó o ti wò ó. O rí nǹkan fífẹ̀ tó fara ti ògiri yẹn? Fóòmù tí wọ́n ń sùn lé ni. Ọkùnrin tó ń ta fóòmù ló gbé e síbẹ̀. Bàbá onílé ti ní tówó òun ò bá tẹ òun lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè, òun á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, òun á kó ṣọ́ọ̀bù yìí fún onífóòmù. Mọ́ńdè ọ̀tunla yìí! Onífóòmù ti wá wọn ilẹ̀, ó fa okùn ìwọ̀n gba orí ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ bá mi gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ mà." Kí n gbẹ́sẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Ó wá fi fóòmù kan sílẹ̀, ó ní kó máa mọlé. Ibí yìí ni mo ti ń dìrun kí n tó bí àkọ́bí mi, abẹ́ tábìlì yẹn ni gbogbo àwọn ọmọ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákòrò, níbo ni wọ́n fẹ́ kí n máa gbé dígí àti bẹ́ǹṣì lọ? Mo bẹ bàbá onílé, mo ní owó wà ní báńkì, ó kàn ń so ni. Bàbá ní òun náà á lọ so kọ́kọ́rọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí wọnú egungun, mo jókòó sórí fóòmù ọ̀hún, mo sunkún. Ó sì rọ̀ o. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ká sọ òtítọ́, fóòmù gidi ni.

Kí n parí irun ná? Parí kẹ̀? Ọwọ́ mi ti kúrò lójú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Apá ọ̀tún rẹ dán, ó tò, ó wuyì, ọba lè wò ó. Apá òsì rẹ dúró bí ìgbẹ́ tí wọn ò tíì ṣán. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yìí, ta ló máa bá ọ parí ẹ̀? Onífóòmù? Ṣé ìyá àfẹ́sọ́nà lo máa yí ẹ̀gbẹ́ kan sí látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá láti apá òsì ńkọ́?

Gbé fóònù rẹ. Pe ọ̀gá yín. Kì í gbé e lópin ọ̀sẹ̀? Ó dáa, pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ gàdàgbà sára ògiri, èyí tẹ́ ẹ ní ká máa pè nígbàkígbà. Ṣí i sílẹ̀ kí n gbọ́. Ó ń dún. Kó o tẹ ení? Tẹ̀ ẹ́. Kó o tẹ eéjì? Tẹ̀ ẹ́. "Ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa." Ṣó o gbọ́? O ṣe pàtàkì! Hẹn-ẹn, orin ti bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn! Mo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, àbíkẹ́yìn mi ti ń jó sí i. Sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ wọn ni ẹ́, kí lò ń wò? Àbí orin ò mọ òṣìṣẹ́? Dúró, dúró, ẹnì kan fẹ́ gbé e...

Kí ló dákẹ́? Ó já? Ó já mọ́ ọ lọ́wọ́? Hàà! Hàhàhà! Ẹ gbà mí! Ẹ bá mi di ìhà mú! Báńkì já òṣìṣẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀! Wo ojú rẹ, jọ̀ọ́ wo ojú rẹ nínú dígí, bí ojú mi ṣe ń rí níwájú tábìlì rẹ gan-an nìyẹn! Ó tó ọ lára? Ó tó ọ lára, àbí? Ó dáa, má sunkún. Mo ní má sunkún, ọmọ mi, gba aṣọ yìí kó o fi nu ojú, o fẹ́ mú èmi náà sunkún.

Níbo lo ní ọ̀gá yín ń gbé? Ẹ̀yìn ilé epo? Ilé epo ibí yìí? Kí ló wá dé tó ò tètè sọ! Dìde. Bàtà rẹ nìyẹn. Rárá, ju síkáàfù yẹn sílẹ̀, kò sóhun tó ń jẹ́ síkáàfù lónìí! Mo kọ ẹ̀sùn, wọn ò kà á, mo fẹnu sọ ọ́, wọn ò gbọ́, ó ku kí wọ́n fojú rí i. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ìwọ ṣáà yí apá òsì sí i, má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ̀rọ̀.