Rọ́bà Méjì Tí Mo Pààrọ̀ Lọ́rùn Ìgò Omi

Ẹ̀yin ará Ugbó Tuntun, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Àjọ Omi wa, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá jókòó torí pé wọ́n ní mínírà wà lẹ́yìn ìpàdé, mo kí gbogbo yín. Èmi Ìyá Láídé ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti gbé fún ọdún mẹ́ta, òní ni yóò jáde. Bó bá fẹ́ fa ìfun mi jáde pẹ̀lú ara rẹ̀, kó fà á. Ikú kọ́ ló ń lé mi o. Eyín mi tó kù ṣì ń fọ́ eegun ẹja, ìdí mi sì ṣì ń kún àga tí mo bá jókòó sí. Ọ̀dà ló lé mi dé ibi yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Jádesọ́lá alága yín wá bá mi nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀ dáadáa, pé akunlé fẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára táǹkì tuntun, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní ọ̀nà Warri sí Sapele lè mọ̀ pé ìyá kan wà níbí tó jà fún omi. Mo gba bírò. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí ẹja mi padà. Ẹja yẹn jóná, torí mi ò yí nǹkan kan. Mo kàn jókòó, mo ń wo iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èmi àti baba Láídé fi ọkọ̀ ojú omi kó dé láti Ìlàjẹ, ilé mọ́kànlá péré ló wà níbí, oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká. Ní báyìí, tó o bá jáde láàárọ̀, kó o tó padà dé, wọ́n á ti mọ ògiri sí ọ̀nà tó o gbà jáde. Èèyàn ń pọ̀, omi ò pọ̀. Kànga márùn-ún la ní. Páìpù ìlú Warri dé Okere, ó dé Deco Road, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Zachariah ló kọ́kọ́ sọ pé ká yé jókòó retí wọn, pé ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà káwa fúnra wa dá àjọ omi sílẹ̀, pẹ̀lú ààlà tiwa àti ìgbìmọ̀ tá a dìbò yàn. Tíṣà ni Zachariah kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìlàjẹ bíi tèmi, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Òun ló sì máa ń ka Bíbélì fún wa ní ìjọ. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ lẹ́tà. Ó fẹsẹ̀ rin gbogbo ibí yìí ká, ó ya àwòrán ààlà wa, ilé kọ̀ọ̀kan, igi àgbọn kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé tí mo ń pariwo, torí òun ò lóhùn. Lọ́jọ́ tá a dìbò, ọwọ́ tó nà sókè pọ̀ débi pé ẹni tó ń kà á ní kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́.

Ó wá ku ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí. Ọ̀gá kan tó ń yẹ omi wò, Festus lorúkọ rẹ̀, ní ká bu omi kànga márààrún sínú ìgò, ká kọ orúkọ ẹni tó ni kànga sí bébà, ká so ó mọ́ ìgò. Ibi tí omi rẹ̀ bá dára jù ni ẹ̀rọ máa lọ. Zachariah bu omi, ó kọ orúkọ, ó fi rọ́bà so bébà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ìgò. Ọ̀sán gangan ni, Festus sì ti kìlọ̀ pé oòrùn ò gbọdọ̀ pa á. Ló bá kó ìgò márààrún wá sábẹ́ àtíbàbà mi. Ó ní, "Ìyá Láídé, ẹ bá mi fojú sí i, mo fẹ́ lọ mú ọ̀gá yẹn wá láti ojú títì." Mo ní kó máa lọ, pé kò séwu. Ewu náà gan-an ló jókòó sórí àpótí tó ń dá a lóhùn yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú mi. Kànga tó dára jù ní Ugbó Tuntun, kànga Rosemary ni, ọmọ Urhobo tó ń rán aṣọ lókè lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹnu ló mọ̀ ọ́n. Tèmi, tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó mọ́ bí ojú ẹja tútù. Tó bá di ọjọ́ kejì, á pọ́n, nǹkan kan á sì máa léfòó lórí rẹ̀ bí ọ̀rá. Ọdún mélòó ni mo fi ru omi láti ilé Rosemary? Ẹ bi orúnkún mi. Rosemary kì í fi omi du èèyàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ kó o tó lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ létí kànga, ó ní, "Mama Láídé, abeg, no let that your yansh break my well o." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ tún mi ìdí náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé. Mo ń rò ó pé tí ẹ̀rọ bá tún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, títí n ó fi kú ni n ó máa gbé ìdí mi lọ fún un kó máa fi ṣeré.

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, omi kan ṣoṣo ni omi. Bù ú lẹ́yìn ilé, bù ú níwájú ilé, òun náà ni. Mo rò pé bí abẹ́ ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, pé odò kan ṣoṣo ló ń ṣàn lábẹ́ gbogbo wa, pé kànga tèmi kàn kúrú ni, ẹ̀rọ tó bá wọlẹ̀ dáadáa á bá omi Rosemary níbikíbi. Kí ló máa bàjẹ́, mo ní, bí táǹkì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi? Mo yọ rọ́bà ọrùn ìgò Rosemary, mo yọ tèmi, mo pààrọ̀ bébà wọn, mo so wọ́n padà. Kò pẹ́ ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tí Zachariah mú Festus dé, mo ti gé ẹja yíyan fún wọn sínú abọ́.

Èsì dé, orúkọ mi ló borí. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà mi. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde, mo jó débi pé ìró mi já bọ́. Ẹ̀yin kan rí ohun tí ẹ rí, ẹ bá mi fi ìyẹn náà kún ohun tí ẹ máa dárí jì mí. Ẹ sì mọ̀ pé aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Gbogbo ìyá ìjọ ló gbé sùtánà wá fọ̀ nídìí ẹ̀rọ tuntun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo sùtánà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì. A tò wọ ilé ìsìn báyẹn. Wòlíì wo ara rẹ̀, ó wo wa, orin tó fẹ́ dá fò lọ lórí rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ibi tó burú jù la dé yìí, kí ẹni tó ń kà á má sáré kọjá. Níbi ìpàdé, Festus ní omi tí òun yẹ̀ wò kọ́ ló ń jáde yìí, pé ìgò ti pààrọ̀ mọ́ra wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ òun. Gbogbo ojú yí sí Zachariah. Ó dìde, ó ní, "Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Mi ò rántí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n bó bá wà, ọwọ́ mi ló ti wá." Bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó láti fi bú mi. Mi ò dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ rántí pé abẹ́ àtíbàbà mi ni ìgò jókòó sí. Mo dìde, mo tún ìró mi ró, mo fi ohùn àánú sọ ọ́, ẹ gbọ́ ìwà ìkà: "Ẹ má bínú sí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, ó ń nu ojú ṣáá kó tó lè kọ orúkọ." Irọ́ gbuu. Zachariah yíjú sí mi. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún. Ó rọra gbé òǹtẹ̀ àjọ tá a ti fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ó gbà mí gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Bó bá bú mi ni, ǹ bá bú u padà, ẹ mọ ẹnu mi. Ó lọ ra dígí ojú ní Okere, èyí tó nípọn bí ìdí ife. Ó ní òun ò ka Bíbélì ní ìjọ mọ́, kí òun má baà ka ohun tí Ọlọ́run ò sọ. Ọ̀nà tó fẹsẹ̀ wọ̀n tó sì yà sínú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lórí rẹ̀, torí dígí yẹn ń gbé ilẹ̀ sókè fún un. Èmi ni mo tún ń sọ pé, Zachariah, rọra o. Ẹ̀yin sì lọ gbẹ́ ẹ̀rọ mìíràn sí àgbàlá Rosemary, omi dídùn jáde, ó gba inú páìpù dé ilé gbogbo wa. Ó dé ilé tèmi náà. Mo ń ṣí i nílé ìdáná, mo ń mu ún, mo sì ń gbé orin ọpẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí ẹja mi jóná yẹn, mo gba ilé Zachariah lọ pẹ̀lú èéfín lára. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, àtẹ ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ní rárá, mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì bí àpò gàrí. Mo sọ ọ́ láti orí rọ́bà dé orí dígí. Ó yọ dígí náà, ó gbé e sílẹ̀, ó wo àtẹ tó wà lórí itan rẹ̀, ó mú òkúta wínníwínní kan láàárín ẹ̀wà, ó jù ú nù.

"Ìyá Láídé, ojú mi ò ṣe nǹkan kan?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ́ bí mo ṣe máa rìn tí mo bá fọ́jú tán. Mo ti ka iye ẹsẹ̀ tó wà láti ibùsùn mi dé ilé ìwẹ̀."

Mo sunkún. Kò pa mí lẹ́kún, mi ò sì retí pé kó pa mí lẹ́kún. Nígbà tí mo sun ún tán, ó ní kí n lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kà á ní ìpàdé. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ wẹ́wẹ́." Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá jọ fà mí dìde. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ máa ń wúwo tó báyìí. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ìdí ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, mo sì padà sílé, mo jẹ ẹ̀bà tí mi ò jẹ irú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Mo ti sọ fún Rosemary náà. Ó ní, "Mama Láídé, you wicked. Siddon there make I vex finish." Mo jókòó. Ó bínú títí ó fi parí, ó wá fún mi lómi mu.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá tí ẹ ń fi Pidgin dáhùn, ẹ gbọ́ eléyìí ní èdè tó bá wù yín: ẹ má sọ irọ́ nípa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín, torí ó lè gbà á gbọ́, kó lọ máa gbé inú rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ mi sára táǹkì. Orúkọ ẹni tó ya àwòrán ààlà yín ni kí ẹ kọ. Ẹ dárí jì mí. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú mi, kó mu mínírà rẹ̀ tán ná, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mi ò sá lọ.

Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́ bí ó ṣe ní kí n kọ ọ́, bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ wo Zachariah tó dúró níwájú yín, tó ti ń ka ìwé yìí láti ìlà àkọ́kọ́. Ta ló rí dígí lójú rẹ̀?