Ọkùnrin Tó Ń Fi Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wá Iná

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ilé ìtàgé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa jókòó, mo kí yín o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, mo rí ọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, gbé orí sókè, mo rí ìwọ náà. Ẹkún ò ní pa yín.

Èmi ni mo ń rán aṣọ fún àwọn òṣèré wa. Ẹni tó sùn síwájú wa yìí ló ń tan iná fún wọn. Bàbá Oníná la máa ń pè é. Ẹgbẹ́ ni wá. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé ìtàgé yẹn, ọjọ́ kan náà la sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí, ẹ rẹ́rìn-ín, òun náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò wá, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa máa ń rí kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ọkùnrin yìí. Tí eré bá ku ọjọ́ díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ṣe ìdánrawò tiná-taṣọ. Kó tó dìgbà yẹn, kálukú ti ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Òṣèré ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, káfíńtà ń kan ilé onípákó, èmi ń rán aṣọ, ọ̀rẹ́ mi ń gun àkàbà. Ọjọ́ ìdánrawò yẹn ni gbogbo wa máa pàdé lórí ìtàgé, ọjọ́ yẹn náà la sì máa ń mọ̀ pé a ò gbọ́ra wa yé. Òṣèré á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á ní kó dúró, iná ò tàn síbi tó yẹ. Á tún un sọ, wọ́n á ní kó dúró, ilẹ̀kùn káfíńtà ò ṣí. Á tún un sọ, ààrá tó yẹ kó sán lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ti sán ṣáájú. Á tún un sọ, bọ́tìnnì já. Bọ́tìnnì tèmi nìyẹn o! Odindi àárọ̀ kan lè lọ ká má tíì kúrò lójú ewé kan nínú ìwé eré. Ẹni tí ò ní sùúrù á sá lọ. Ẹni tó ní sùúrù gan-an á bú sẹ́kún.

Bàbá Oníná kì í sá. Kì í sunkún. Àmọ́ olórí kunkun ni. Ẹ bi mí!

Ìgbà kan wà tí mo rán aṣọ búlúù kan fún ẹni tó ń ṣe ìyá ọba. Aṣọ yẹn dára títí lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ mi. Òṣèré wọ̀ ọ́ dórí ìtàgé, ọ̀rẹ́ mi tan iná pípọ́n rẹ̀ sí i, ló bá di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Mo pariwo.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, pààrọ̀ iná ẹ!"

Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ láàárín àga àwọn òǹwòran, kò tiẹ̀ wojú mi. "Ìyá Aránṣọ, pààrọ̀ aṣọ ẹ."

"Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan! Ṣé aṣọ ni wọ́n wá wò ni, àbí iná?"

"Ojú ni wọ́n wá wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Iná yìí ló jẹ́ n rí i pé obìnrin yẹn ti sunkún kó tó jáde."

Olùdarí eré fọwọ́ gbárí mú. Gbogbo èèyàn dúró gbagidi. Àgbà òṣèré tó wọ aṣọ náà ò lè jókòó kó má baà rún, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó gun orí ìtàgé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bọ́ aṣọ yẹn fún mi, ẹ lọ jókòó." Ló bá gbé aṣọ ìyá ọba kọ́rùn, tòun tirùngbọ̀n, ó dúró sójú iná, ó ní káwọn tó kù máa bá ìjà lọ, òun á wà níbẹ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá parí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá. Mo lọ pa aṣọ náà láró sí i. Òun náà dín pípọ́n iná kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o!

Látìgbà náà, òṣèré tó bá ti rẹ̀, òun ló máa ń lọ dúró sípò ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún iná ṣe. Ó ní èèyàn kì í ṣe òpó.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó wúwo. Ojú ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ lọ, tó wá dà bí ẹni tó ń yọjú wo ayé látinú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà, èyí tó kù ni káwọn máa tọ́jú. Ohun tó bá ojú ti bá imú, gbogbo wa ló bá. Àmọ́ kò fi pa mọ́. Lówùúrọ̀ ìdánrawò, ó dìde dúró níwájú wa.

"Ẹ̀yin ará mi, ojú mi ń lọ. Mi ò rí orí ìtàgé dáadáa mọ́. Àmọ́ mo mọ iná. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ìtàgé ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àánú yín ń ṣe mí. Àmọ́ báwo lẹni tí ò ríran ṣe fẹ́ tan iná fún ẹni tó ríran? Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíì." Kì í ṣe ìkà o, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ò jà. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ìdánrawò yìí nìkan. Tí kò bá dáa, èmi fúnra mi ni màá kó ẹrù mi."

Ọmọ rẹ̀ yìí, tó ń bá wa ṣe ìró àti orin nígbà yẹn, ló pè pé kó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ iná. Òun fúnra rẹ̀ gun orí ìtàgé. Iná àtijọ́ nìwọ̀nyẹn, èyí tó máa ń gbóná. Ó gbé ojú sókè, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ibi tí ooru wà.

"Níbí nìyí. Ó pọ̀ jù lápá òsì, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí lo rí?"

"Dádì, imú yín ni mo rí."

"Imú nìkan?"

"Imú yín tóbi, òjìji ẹ̀ ti bo ẹnu yín."

"Ta ni mo fi imú jọ? Ìyá bàbá ẹ ni kó o lọ bi! Ó yá, tan tiwájú díẹ̀."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn òṣèré ń sọ ohun tí iná ń ṣe fún wọn. Ọ̀kan ní ó ń gún òun lójú. Òmíì ní òun ò rí àtẹ̀gùn tóun fẹ́ gùn. Àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n rí! Nígbà tá a dé ìran kejì, ọ̀gá tó fẹ́ lé e kígbe láti ìjókòó tó wà lẹ́yìn pátápátá pé, "Ṣókùnkùn ni níbí o, mi ò rẹ́nì kankan!" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Òótọ́ ni mò ń fẹ́. Ẹ má kúrò níbẹ̀." A tún un ṣe. A tún tún un ṣe. Ọ̀gá ò kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, títí eré fi parí, ó ń kígbe, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tí àwọn òǹwòran dé, wọ́n rí gbogbo ojú tó yẹ kí wọ́n rí. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹlòmíì mọ́.

Ojú náà ṣú pátápátá nígbà tó yá. Kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tó ráhùn. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, iná ò ṣòro. Ojú ọmọ mi ni mi ò rí mọ́." Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu ìdánrawò la tún wà. Lọ́sàn-án, ó ní àyà òun wúwo, kóun lọ sinmi díẹ̀, ó lọ sílé, ó dùbúlẹ̀. Kò jí mọ́. Olùdarí eré wá bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ká sún eré síwájú. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tó dáhùn. Ó ní, "Èmi ni mo bá a gbé. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ẹ lọ parí ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣẹ́ ẹ gbọ́? Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Àwa ò fi eérú bojú o. Ọmọ rẹ̀ ń padà sídìí ẹ̀rọ iná láàárọ̀ ọ̀la. Òṣèré ń bọ̀, káfíńtà ń bọ̀, èmi náà ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìran tá ò tíì ṣe ṣì pọ̀, ó sì le. A máa ṣe é. Tó bá bà jẹ́, a máa tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ti ṣí, ẹ wá jókòó, ẹ kún un.

Ọ̀rẹ́ mi, oníjà mi, máa lọ. Kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Kí àwọn tó ṣáájú jáde wá pàdé rẹ. Má bojú wẹ̀yìn torí tiwa. Ẹni tó kù nídìí iṣẹ́ ò tíì dìde.