Orúkọ Tó Yọ Kúrò Nínú Kóòdù

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìkàtẹ́, ọkùnrin méjì tó jókòó tì mí ń jiyàn lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìwé àṣẹ ẹni tó ni kóòdù tí a mú lò dà?" ni ẹni tó wọ gíláàsì bi èkejì.

"Mo yọ ọ́. Ó gùn jù, ta ló ń kà á? Ṣebí ọ̀fẹ́ ló fi sílẹ̀?"

"Ó ní ká ṣáà jẹ́ kí ìwé yẹn àti orúkọ òun wà nínú rẹ̀. Wọ́n yá ẹ ní yàrá, o wá ń kọ 'ilé yìí kì í ṣe fún títà' sára ògiri bíi pé ìwọ lo nilé."

"Ọ̀gá, òkè òkun ló wà. Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Gbogbo ayé lo fẹ́ gbé e fún. Ṣé òun ò sí láyé ni?"

Mo yẹ gbólóhùn yẹn wò títí, mi ò rí ibi tí a ti lè ta kò ó. Ẹni tó yọ orúkọ náà ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀, ó sì ń dá ìwé àṣẹ náà padà síbi tó ti yọ ọ́.