Fídíò Mọ́kànlá tí Túnbọ̀sún Pa Rẹ́

"Ẹ má ṣe àmín sí i! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe àmín sí i!" Túnbọ̀sún ló ké báyẹn nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ìlaròó, lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n ń ṣe àdúrà ọdún kẹjọ tí Àṣìkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti papò dà. Gbogbo ojú yí sí i. Toheebat, ọmọ kan ṣoṣo tí Àṣìkẹ́ bí sáyé, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó ń ṣépè fún Gideon, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà-Ọ̀dàn nígbà kan. "Ẹni tó pa ohùn ìyá mi rẹ́," ló wí, "kí ohùn ọmọ tirẹ̀ náà di àwátì fún un." Ẹnu Purity, ọmọbìnrin Túnbọ̀sún tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni àmín àkọ́kọ́ ti jáde. Ọmọ náà kò mọ̀ pé orí òun gan-an ni èpè náà ń wá bọ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀. Ó dìde, ó ní, "Gideon kọ́. Èmi ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti fi irọ́ bò yín lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ọkàn mi tó tún wá àwáwí míràn fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn tí Àṣìkẹ́ kú sí. Aránṣọ ni Àṣìkẹ́ ní Ìdógò, Sàláúdéènì sì ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un lọ́mú, tí kò sí ìrètí mọ́, ó ní kí àbúrò òun fi fóònù ti ìrọ̀rí níwájú òun kó sì jáde, ó wá dá sọ̀rọ̀ sínú fídíò mọ́kànlá fún Toheebat, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Nígbà tó pè é padà wọlé, ó ní, "Túnbọ̀sún, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wà. Sàláúdéènì a máa sọ fóònù nù bí ẹni ń fún irúgbìn. Olùkọ́ ni ọ́, o mọ nǹkan í tọ́jú. Tó bá pé ọdún méjìdínlógún, fún un ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan lọ́dún. Má kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan o, kí n má baà tán lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀." Túnbọ̀sún kọ orúkọ Toheebat sí ìkọ̀ọ̀kan wọn, ó kó wọn pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ààyè kan náà tí ímeèlì rẹ̀ ń lò, ó sì búra fún un.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Iléeṣẹ́ tó ni ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i pé ààyè tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń kún, pé bó bá ń fẹ́ sí i, kó máa san owó oṣooṣù. Túnbọ̀sún kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Bí mo bá sanwó ilé, mo ń sùn sínú rẹ̀," ló sọ fún Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Bí mo bá sanwó iná, mo ń fi í ríran. Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn nínú eléyìí? Bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní í tán láé. Oṣù tí mi ò bá san, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi." Títílọpẹ́ ní, "Bàbá Purity, owó súyà yín ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n ń béèrè fún odindi oṣù. Ẹ má wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ san, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀." Túnbọ̀sún gba ọ̀dọ̀ Gideon lọ ní Ọjà-Ọ̀dàn, kó lè gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Gideon kò sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ló ní, "ká ní àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé iléèwé nìkan ni, màá ní kẹ́ ẹ má san kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ pa ìdajì rẹ́, ààyè á yọ. Ṣùgbọ́n ohùn òkú kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹ san ti oṣù kan péré, kẹ́ ẹ mú fóònù yín wá, kí n kó wọn sórí fíláàṣì méjì. Ẹ fún bàbá ọmọ náà ní ọ̀kan." Túnbọ̀sún ní òun ti gbọ́. Kò padà débẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ náà pé wá dé. Wọ́n ń wá igbákejì ọ̀gá fún iléèwé kan, orúkọ Túnbọ̀sún sì wà lára àwọn mẹ́ta tó kù. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó wà nínú yàrá àwọn olùkọ́, ẹnì kan pè é láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìyànsípò náà. "Ọ̀gá, lẹ́tà tí à ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín ń padà o. Ó ní àpótí yín ti kún. Bí kò bá wọlé kí aago méjì tó lù, a máa yọ orúkọ yín kúrò." Aago kan ti lù. Owó wà lórí fóònù rẹ̀. Bó bá fẹ́ san, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní í gbà. Ṣùgbọ́n inú ń bí i pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà ẹ̀bùrú gbowó lọ́wọ́ òun, kò sì fẹ́ kí Títílọpẹ́ borí òun nínú iyàn. Ó ní kí fóònù to gbogbo ẹrù rẹ̀ láti orí èyí tó wúwo jù. Mọ́kànlá àkọ́kọ́, ti Àṣìkẹ́ ni. Ó sàmì sí gbogbo wọn, ó pa wọ́n rẹ́. Síbẹ̀ ààyè kò yọ, nítorí inú ibi ìdalẹ̀nù ni wọ́n ṣì wà, fún ọgbọ̀n ọjọ́ tí èèyàn fi lè ronú pìwà dà. Ó tẹ ibi ìdalẹ̀nù. Fóònù bi í pé bó bá da eléyìí nù, kò ní í ṣe é gbà padà mọ́ láé, ṣé ó gbà?

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Túnbọ̀sún wí fún àwọn ará pálọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ má sọ pé àṣìṣe ni. Ìka mi dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ka orúkọ Toheebat tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé ni, á gbàgbé. Mo wá tẹ̀ ẹ́." Lẹ́tà náà wọlé kí aago méjì tó lù. Wọ́n fún un ní ipò náà.

Ní ọjọ́ tí Toheebat pé ọdún méjìdínlógún, ó wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán gbẹ̀yìn, ó wá jókòó síwájú Túnbọ̀sún, ó ní, "Bàbá Purity, mo ti dé." Ẹ̀rù ba Túnbọ̀sún. Ó ní Gideon ni òun gbé fóònù fún láti tún ṣe, Gideon ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni Sàláúdéènì gbéra lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta, Túnbọ̀sún sì tẹ̀lé wọn, nítorí bí kò bá lọ, wọn á fura. Wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ó gé Gideon lọ́wọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó ń pè é: "Ẹ̀gbọ́n Túnbọ̀sún, ẹ wojú mi. Ṣé mo fọwọ́ kan fóònù yín rí?" Túnbọ̀sún wo ilẹ̀. Ó ní, "Ta ló tún wà tó bá mi tú u bí kì í ṣe ìwọ?" Láàárín oṣù méjì, kò sẹ́ni tó gbé fóònù fún Gideon mọ́. Ó kó aya rẹ̀ lọ sí Agosasa, ó ń bá àna rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́.

Purity sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Sàláúdéènì di orí mú, ó ní, "Mo fi gíláàsì ya ọmọlọ́mọ lọ́wọ́." Toheebat nìkan ni kò sunkún. Ó béèrè pé, "Ṣé ẹ wò wọ́n kẹ́ ẹ tó pa wọ́n rẹ́?"

"Ọ̀kan. Àkọ́kọ́."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Toheebat, dìde dúró kí n wò ọ́.' Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun gbàgbé pé òun kò lè rí ọ. Ó ní bó o bá ti ga ju bàbá rẹ lọ, má jẹ́ kó mọ̀ pé o ti mọ̀."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ ìyókù. Aago ni mò ń wò."

Ní ọjọ́ kejì, Túnbọ̀sún lọ bá Gideon lóko ní Agosasa, ó dọ̀bálẹ̀ nínú poro ebè. Gideon kò ní kó dìde, kò sì lù ú. Ó kàn sọ pé, "Ọjà-Ọ̀dàn lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀, lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn tó sá fún mi lè gbọ́."

Ó lọ lọ́jọ́ ọjà, Gideon náà sì wá. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fọ́ yẹn, tí wọ́n ti ń ta ike níbẹ̀ báyìí, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ó kúnlẹ̀ fún Gideon. Ó wá kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà tó dúró yí i ká. "Ẹ̀yin ọmọ mi, bóyá kẹ́ ẹ sanwó, bóyá kẹ́ ẹ má san, èmi kọ́ ni màá sọ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo díye lé ohun tí kì í ṣe tèmi. Kẹ́ ẹ tó sọ pé nǹkan kan ò tó owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ má wá ẹlòmíràn tí ẹ máa gbé e lé lórí. Ẹ bá mi bẹ Gideon. Ẹ bá mi bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Gideon ní òun ti gbọ́, ó tó. Toheebat, tó ti dúró lẹ́yìn èrò látàárọ̀, rìn wá síwájú. "Mi ò tíì lè dárí jì yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ máa sọ fún mi bó ṣe rẹ́rìn-ín yẹn, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má tíì kú o, Bàbá Purity. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ."