Orogún Mi Tó Wà Ní Òdìkejì Odò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin ìyá tí a jọ ń kúnlẹ̀ lórí ẹní kan náà, ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ èmi Dèbórà, tí ẹ ń pè ní Ìyá Fúnmi. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí kó dákẹ́. Bí mo bá fi irọ́ kankan lé e, kí Ẹni tó fi hàn mí dá mi lẹ́jọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi olóògbé, ẹ̀ṣọ́ igbó. Igbó ìjọba tó wà ní òdìkejì odò wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ tàbí kó gé igi, òun ló ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé èmi kò fẹ́ràn igbó yẹn rí. Àwọn obìnrin mìíràn ń bá orogún jà nínú ilé. Orogún tèmi kò ní ojú tí mo lè la èékánná sí. Ọkọ mi á dé pẹ̀lú òórùn ewé tútù lára, á jókòó ti oúnjẹ tí mo sè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìnàkí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó mọ ibi tí erin gbà kọjá. Ó mọ igi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí. Bí èmi bá dirí tuntun, kò ní rí i. Bó bá ń sọ̀rọ̀ akíka, ẹranko kékeré tó ń ká ara rẹ̀ bí òṣùká yẹn, ẹ̀rín kan wà tó máa ń rín. Ẹ̀rín yẹn, kò rín in fún mi rí.

Nígbà tó yá, ejò ṣán an nínú igbó náà, ó sì kú. Lọ́jọ́ tí a sìnkú rẹ̀, gbogbo yín ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n mo kọjú sí òdìkejì odò, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, “O ti wá gbà á tán báyìí. Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?”

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni àwọn awakùsà dé. Wọ́n ní wúrà wà lábẹ́ igbó náà, àwọn sì ti bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tí katapílà wọn lè gbà dé odò tààrà bí kò ṣe inú oko kòkó tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọwọ́ mi nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi ló wá bá mi, ẹni tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn.

“Ìyàwó,” ó ní, “ṣé igbó tó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ lo tún fẹ́ máa gbèjà?”

“Bàbá Kékeré, mi ò tíì sọ pé mò ń gbèjà ẹnikẹ́ni.”

“Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, ọ̀dọ̀ ta ló ń sùn jù? Ọ̀dọ̀ rẹ ni àbí ọ̀dọ̀ igbó? Jẹ́ kí wọ́n hú u. Kí ìwọ náà fi ojú rẹ rí i bó ṣe ń wó.”

Ẹ gbọ́, ará, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Mo ní kó lọ sọ fún wọn pé lọ́jọ́bọ̀, màá wá sí ilé Baálẹ̀ láti sọ pé mo gbà.

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, mo wá sí ilé àdúrà yìí fún àdúrà ọ̀sán. Inú àwẹ̀ ni mo wà. Mo kúnlẹ̀ síbi òpó yẹn, mo ní kí Olúwa mú ìbànújẹ́ opó kúrò lára mi. Ìyá Rúùtù ń gbálẹ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oorun kan gbé mi tí kì í ṣe oorun.

Mo rí ọmọbìnrin kan tó dúró tì mí, aṣọ rẹ̀ funfun, ẹwà rẹ̀ kò ṣeé wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Dìde, aya Àkànní.”

Oríkì tí ìyá ọkọ mi fi ń pè é nìyẹn. Èmi tí mo bímọ fún un kò jẹ́ fi pè é lójú ènìyàn. Ọmọbìnrin yìí sì pè é bí ẹni tó ti pè é títí tó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ta ló kọ́ ọ ní oríkì ọkọ mi?”

Kò bínú. “Ẹni tó dá a ló kọ́ mi. Máa tẹ̀lé mi.”

Ẹ wo ohun tí mo jẹ́: níwájú ángẹ́lì, owú ni mò ń jẹ.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi kan tí ooru ti ń jáde láti inú ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò. Mo rí àwọn panṣágà tí wọ́n dì mọ́ra wọn, ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dì mọ́ ti di ẹyín iná láyà rẹ̀, wọn kò sì lè tú ọwọ́. Mo rí àwọn aninilára, ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó ni wọ́n rù lórí, tilẹ̀kùn tilẹ̀kùn, ọrùn wọn sì ti wọ inú èjìká lọ. Lẹ́yìn náà mo rí àwọn kan tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ létí odò pupa, wọ́n ń mu ún, ó ń di amọ̀ lọ́fun wọn, wọ́n ń pọ̀ ọ́, òùngbẹ sì tún ń gbẹ wọ́n.

“Òpùrọ́ ni wọ́n,” ni amọ̀nà mi wí. “Wọ́n sọ fún ìlú pé odò kò ní bàjẹ́.”

Níwájú wọn ni kòtò kan wà tí n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn kún inú rẹ̀ bí ìkán. Awakùsà wà níbẹ̀, alágbára wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè tó ta ilẹ̀ tí wọn kò dá wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ń jó. Èékánná ni wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀. Olúkúlùkù a máa rí ohun kan tó ń dán nínú kòtò ẹnìkejì rẹ̀. Á fi tirẹ̀ sílẹ̀, á bẹ́ sínú rẹ̀, òkùnkùn ni yóò bá. Bó bá wẹ̀yìn, èyí tó fi sílẹ̀ ló tún ń dán. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń gé ara wọn jẹ.

Mo ní, “Ojúkòkòrò ló kó wọn débí.”

Amọ̀nà mi wò mí tààrà. “Owú ló kọ́kọ́ wa kòtò yìí. Ojúkòkòrò kàn ń gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ ni.”

Kí n tó dá a lóhùn ni mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Katapílà kan ń bọ̀ láti inú òkùnkùn, kò sí ẹni tó ń wà á, ó ń bọ̀, ó ń wó igi, ìyá ìnàkí kan ń sá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà, odídẹrẹ́ ń já bọ́ bí ewé gbígbẹ, erin dúró kò mọ ibi tí yóò yà sí, ó ń bọ̀, mo ní kí n sá, ẹsẹ̀ mi kò gbé, mo ní kí n ké pe Jésù, ohùn mi kò jáde, nítorí ohùn mi kò sí lọ́fun mi mọ́, inú ẹ̀rọ yẹn ló wà, ohùn mi ni ẹ̀rọ náà fi ń dún, ohùn èmi Dèbórà, ó ń ké pé, “Mo gbà! Mo gbà! Mo gbà!”

Amọ̀nà mi fi aṣọ rẹ̀ bò mí lójú. “Kò tíì jáde lẹ́nu rẹ,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó ti pọ́n lọ́kàn rẹ.”

Nígbà tó ṣí aṣọ náà, atẹ́gùn tútù ló kọ́kọ́ fẹ́ sí mi. Omi kan ń ṣàn tí mo lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí Ìyá Ẹ̀sítà wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí tó fi kú. Ó ti ẹsẹ̀ náà bọ omi, ó ń jọ̀lọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọge. Ó juwọ́ sí mi. Gbogbo àwọn olóòótọ́ ń sinmi níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kánjú.

Abẹ́ igi ìrókò kan ni ọkọ mi jókòó sí. Ẹ̀yin ará, mo ti ń rò ó tipẹ́ pé, bó pẹ́ bó yá, ní ọ̀run, èmi nìkan ni yóò kù fún un. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pọ̀ sí! Erin dúró lẹ́yìn rẹ̀. Odídẹrẹ́ bà lé èjìká rẹ̀. Akíka ká sórí itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ọkọ mi sì ń rín ẹ̀rín yẹn.

“Bàbá Fúnmi!”

Ó yíjú. “Ìyá Fúnmi. O ti dé?”

“Mi ò tíì dé. Wọ́n mú mi wá wò ni. Ẹ̀yin àti àwọn ẹranko yìí náà? Níbí náà?”

“Wá jókòó.”

“Níbo? Ṣé wọ́n ṣẹ́ àyè kù ni?”

Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Koríko ibẹ̀ dúró ṣánṣán, ohunkóhun kò tẹ̀ ẹ́. “Wọn kì í dùbúlẹ̀ síbí. Mo ti sọ fún wọn pé ẹnìkan ń bọ̀.”

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ràn wọn jù mí lọ ni?”

“Dèbórà, ìwọ ní ẹnu. Bí nǹkan bá ń dùn ọ́, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Àwọn wọ̀nyí kò ní. Bí n kò bá dúró tì wọ́n, ta ni yóò dúró?”

Mo ní kí n jókòó síbẹ̀, amọ̀nà mi sì dì mí lápá mú. “Kò tíì yá. Ìwọ nìkan kọ́ ló ń jowú lórí igbó yẹn. Ẹni tó dá a ń jowú nítorí rẹ̀ ju ìwọ lọ, kì í sì í fi tirẹ̀ ṣeré. Padà.”

Igi ìgbálẹ̀ Ìyá Rúùtù tó ń gún mi lẹ́sẹ̀ ló jí mi. “Dèbórà! Kí ló dé tó o ń fa ẹní ya?” Oòrùn ṣì wà lókè. Gèlè mi ti rin fún omijé.

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ sí ilé Baálẹ̀. Àwọn awakùsà jókòó, Bàbá Kékeré ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Fúnmi,” ni Baálẹ̀ wí, “ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ la ń retí.”

“Kí ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. Katapílà kò ní gba oko mi kọjá.”

Bàbá Kékeré fò dìde. “Ṣé orí rẹ pé? Orogún rẹ nìyẹn!”

“Orogún mi ni, Bàbá Kékeré. Bí mo bá ń bá a jà, ìjà ilé wa ni. Ìyálé wo lẹ rí tó lọ pe àlejò wá pa orogún rẹ̀ tọmọtọmọ?”

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré kò yà sílé mi mọ́, n kò sì purọ́, ó ń dùn mí.

Ará, owú náà kò tíì tán lára mi. Láàárọ̀ yìí tí mò ń bọ̀, mo gbọ́ igbe ìnàkí láti òdìkejì odò, àyà mi ṣì ṣe bákan. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà kò tíì lọ. Wọ́n ń yí kiri láti oko dé oko, wọ́n sì mọ ohun tó ń dun olúkúlùkù. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín bá odò pààlà lápá òkè, ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá bá, kí katapílà wọn lè gba oko yín yípo. Wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ tó dùn ju oyin lọ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ gbà. Mo ti rí kòtò náà. Àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀.