Òrùka Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀ Tíṣà

Ẹ gbé ife ẹ̀yẹ yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹ, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, pé n kò ní rí ìkórè àjàrà ọdún yìí, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ́ Eladio sí nítorí pé ó ti ń dáàbò bo ẹyẹ ìlú yìí láti ọdún mẹ́tàlá. Èmi Eladio yìí ni mo jí Tíṣà, ẹyẹ kànárì Ẹ̀gbọ́n Casimiro. Kì í ṣe Saturnino tí ẹ dá lẹ́bi.

Ẹ mọ ohun tí Tíṣà jẹ́. Lọ́dọọdún, Casimiro á to àwọn ọmọ kànárì rẹ̀ yí Tíṣà ká nínú àkámọ́ tí a fi aṣọ bò, kí wọ́n máa kọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gba ipò kìíní nínú ìdíje orin ẹyẹ, tí èmi ń gba ìkejì. Ìlara ń pa mí. Bẹ́ẹ̀, èmi ni alága ààbò! Lẹ́yìn tí àwọn olè kó ilé ẹyẹ méjì, èmi ni mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: ẹ pààrọ̀ àgádágodo, ẹ ra ajá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́, bí iná bá ṣẹ́ yọ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ẹni tí ẹ ní kó fẹ́ yín lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Oṣù kẹjọ ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí gbogbo ìlú ń sùn nítorí ooru. Mo ṣílẹ̀kùn, ajá ju ìrù sí mi, mo fi Tíṣà sínú ẹ̀wù mi, mo lọ. Nígbà tí Remedios, ìyàwó Casimiro, jí, ó figbe ta: "Ajá ò gbó! Ajá tó máa ń gbó òjìji ara ẹ̀! Ẹni tó mọ̀ dáadáa ló wọlé wá o!"

Ẹnu mi yá ju ti gbogbo yín lọ: "Remedios, ta ló máa ń ju egungun fún ajá yìí?"

Ẹnìkan nínú yín ló dá mi lóhùn pé, "Saturnino ni." Saturnino tó ń ti kẹ̀kẹ́ irin àlòkù kiri, tó ń sin ẹyẹ mẹ́ta péré nínú kíṣìnnì rẹ̀. N kò dárúkọ rẹ̀. N kò sì gbèjà rẹ̀. Olè burúkú ni mí.

Mo kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá yẹ òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ wò, kí ẹ lè rí i pé mo ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ àwọn ọlọ́pàá wa, oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi sùn lé e. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Tíṣà wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ tèmi. Òrùka, àmì olówó ẹyẹ, tí a bá fi sẹ́sẹ̀ ọmọ ẹyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́fà kì í bọ́ mọ́ láéláé. Nítorí náà mo fi ẹ̀mú gé ti Tíṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá ń bọ̀, mo ju òrùka náà sínú kẹ̀kẹ́ Saturnino.

Nígbà tí wọ́n rí i, ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé orí mi dàrú ni? Kí n jí ẹyẹ, kí n gé òrùka ẹ̀, kí n wá máa tì í kiri ìgboro?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Ẹ fọ́ àkámọ́ rẹ̀, ẹ tẹ àwọn ẹyẹ rẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n wọn kò rí Tíṣà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá wá ní àwọn yóò wo gbogbo ilé, kí alága fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Mo sáré wọlé. Tíṣà ń kọrin. Mo fi àtàǹpàkò tẹ àyà rẹ̀ títí orin fi dákẹ́, mo rì í mọ́lẹ̀ nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, mo fọwọ́, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ní oṣù kìíní, àwọn ẹyẹ mi kọ orin Tíṣà níwájú adájọ́ ìdíje. Casimiro dìde, mo ní ó ti tán fún mi. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún: "Àbúrò mi, àṣé àwọn ọmọ ẹ ti gbọ́ Tíṣà láti orí ògiri ilé mi kí wọ́n tó jí i! O ṣeun. Ohùn ẹ̀ ò parun." Ọpẹ́ yẹn ló ń dá títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ìlara ló ń bí olè. Ẹ pa á kó tó dàgbà. Ẹ má tíì dárí jì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Saturnino. Kò ní kí n wọlé. Ó ní, "Eladio, mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé ẹ kọjá, mo gbọ́ Tíṣà níbẹ̀. Mo sì sọ fún wọn kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n pa á mọ́."

Mo ní, "Àwọn wo?"

Ó dárúkọ èèyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó síwájú mi yìí, tí wọ́n ń wolẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ẹ dìde, kí ẹ jẹ́wọ́ tiyín.